Ṣùkú Tí Adérónkẹ́ Dì Lé Orí Dámilọ́lá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìdí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ.

1.
Ní Ìtàjí-Èkìtì, bí ẹ bá béèrè ilé Adérónkẹ́ onídìrí, ọmọdé pàápàá yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Láti Ìrè ni àwọn obìnrin ti ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Dámilọ́lá. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa kí ibà líle kan tó mú etí rẹ̀ méjèèjì lọ.

Lọ́dún 2008, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Ìbàdàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan sábẹ́ awọ orí rẹ̀, lẹ́yìn etí. Ìkejì ẹ̀rọ náà wà lóde, òòfà ló ń mú un lẹ̀ mọ́ orí. Bí tòde bá bọ́, ọmọ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí páànù lẹ́yìn náà, Dámilọ́lá sá jáde, ó nàka sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó sunkún ọpẹ́.

Dókítà Ayọ̀délé ti kìlọ̀ fún un. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa gé irun ibi tí òòfà yìí ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má dirí síbẹ̀. Ẹ má sì yí òòfà náà le fúnra yín. Bí awọ ibẹ̀ bá pọ́n, bí ojú ọmọ bá ń gbọ̀n, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ gbé e wá. Gbogbo rẹ̀ ló ní àtúnṣe, tí a bá tètè rí i.”

“A ti gbọ́, dókítà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà.

2.
Ìkórè Ọmọdé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wùnmí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dirí lọ́dọ̀ rẹ̀, wo orí Dámilọ́lá, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Dámi, ṣé eku ló jẹ irun ọmọ onídìrí báyìí?”

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọ Adérónkẹ́ lára. Kò gé irun ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìkórè ku ọjọ́ méjì, ó di ṣùkú tó rẹwà fún ọmọ rẹ̀, ó sì fi irun àfikún kún un. Òòfà kò lẹ̀ mọ́, irun ti nípọn jù. Adérónkẹ́ yí i le. Ó tún yí i, títí ó fi dúró gbọin.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dámilọ́lá ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ láìṣìnà. “Ẹ wo irun orí ọmọ!” ni àwọn obìnrin ń wí. Irun ni wọ́n yìn. Kò sẹ́ni tó yin ohùn.

3.
“Mọ́mì, ó ń ta mí.”

“Irun tuntun ni. Yóò rọ̀.”

Bí ó ṣe máa ń dá gbogbo oníbàárà lóhùn nìyẹn.

Wúlẹ̀mọ̀tù ará Ìtapàjí, tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún Àìṣát ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú Dámilọ́lá, wá dirí. Ó ní, “Ìyá Dámi, ojú Àìṣát mà ń gbọ̀n lọ́jọ́sí, àfi bí ẹni tí ń ṣẹ́jú pe ọkọ! Mo gbé e lọ Ìbàdàn. Kọ̀mpútà ni wọ́n fi tún un ṣe, wọn ò tiẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ n wo ti Dámilọ́lá.”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é.” Adérónkẹ́ fa ìborí bo orí ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó tú irun náà, ó sì bá egbò lábẹ́ òòfà, omi ń jáde lára rẹ̀. Ojú tì í. Ó fi àdí àgbọn pa á, ó já kápúsù, ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i. Ó sì tún gbé òòfà lé e, kí bàbá ọmọ má baà béèrè.

4.
Ibà ló tú àṣírí. Ilésanmí, ọkọ rẹ̀, ṣí ìborí náà fúnra rẹ̀.

“Rónkẹ́! Ṣé ọmọ ni pátákó ìpolówó uṣẹ́ rẹ?”

Ó gbé ọmọ náà, wọ́n kọrí sí Ìbàdàn.

Ní Ìbàdàn, Dókítà Ayọ̀délé kò jágbe mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló dun Adérónkẹ́ jù.

“Mọ́mì, ká ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ń ta á lẹ gbé e wá ni, a ó kàn dẹ òòfà, a ó gé irun, ó parí. Àrùn ti dé ara ẹ̀rọ inú báyìí. A gbọ́dọ̀ yọ ẹ̀rọ náà kí àrùn tó wọ ọpọlọ.”

“Ẹ ó dá a padà?”

“Ẹ jẹ́ kí egbò jinná ná.”

Wọ́n fá orí Dámilọ́lá kodoro, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ náà. Irun tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá dé. Gbogbo ilé ń sáré kó láfún tí wọ́n sá. Dámilọ́lá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sóde, ó ń ṣeré. Òjò ń han lórí páànù.

“Dámi! Òjò tìẹ ti dé o!” ni Adérónkẹ́ ké.

Ọmọ náà kò yíjú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rọ kọ́ ló burú. Àìṣát ń fi tirẹ̀ gbọ́ràn títí dòní. Ohun tí oníṣègùn bá ní kí ẹ má ṣe, ẹ má ṣe é. Bí ọmọ bá ní nǹkan ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́, ẹ ṣí ibẹ̀ wò, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ìborí bo egbò nítorí ẹnu ayé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.