Ẹni Tó Ń Tọ́ Makaróònì Wò

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ilé oúnjẹ náà ń se oúnjẹ fún ti ń dá oúnjẹ padà. Lọ́jọ́ kan iyọ̀ á pọ̀ jù, lọ́jọ́ kejì kò ní sí rárá. Òní ni wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, kó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ọ̀gá alásè, tí gbogbo ilé ìdáná ń pè ní Àmọ̀tán lẹ́yìn rẹ̀, ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ tán. Ó ní igbákejì òun ni, obìnrin tó ti bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí kò tíì mọ nǹkan kan, òun àti ìkòkò pírẹ́ṣà rẹ̀, ìkòkò ọ̀lẹ tó ń súfèé kiri.

"Ẹni tí kò lè dúró ti iná, kí ló ń wá ní ilé ìdáná?"

Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà fa àga kan sọ́dọ̀. Ó jókòó, ó gbé báàgì ńlá kan lé itan. Àmọ̀tán ní kí òun bá a gbé e sílẹ̀. Ìyá náà ní rárá, ó dáa bẹ́ẹ̀.

"Se oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó sọ fún igbákejì. "Ohun tó wà lórí tábìlì nìkan ni kó o lò. Má bèèrè ohunkóhun."

Makaróònì ló wà níbẹ̀, àti sùpàgẹ́tì, àti èyí tó rí bí ìkarahun ìgbín, pẹ̀lú omi àti òróró. Igbákejì wo orí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ṣé, mà."

Ó da makaróònì sínú ìkòkò, ó bu omi bò ó, ó kán òróró sí i kí ìfófó má baà dí ihò tí ooru ń gbà jáde, ó dé e pa. Nígbà tó súfèé, ó ka ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣẹ́ sùpàgẹ́tì sí méjì, ó tò ó ní ìdábùú kó má baà lẹ̀ pọ̀. Ìyẹn gba mẹ́rin. Oníkarahun nípọn, ó gba márùn-ún.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń wo aago," ni Àmọ̀tán wí. "Ahọ́n làwa fi ń se oúnjẹ."

Aṣọ ìnuwọ́ kan ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lẹ́yìn Àmọ̀tán. Ìyá náà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wo Àmọ̀tán. Àmọ̀tán ṣì ń sọ̀rọ̀. Igbákejì ló lọ pa iná ara aṣọ náà.

Ó bu oúnjẹ sí abọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí nìkan ló fi ń bọ́ àwọn ìbejì rẹ̀. Àmọ̀tán tọ́ makaróònì wò, ó yọ ṣùtì.

"Iyọ̀ ti ba eléyìí jẹ́. Ohun tí mò ń wí nìyí."

"Sùpàgẹ́tì ńkọ́?" ni ìyá náà bi í.

"Iyọ̀ ibẹ̀ mọ níwọ̀n. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn."

"Ẹ̀kẹta?"

"Iyọ̀ tún ti pọ̀ jù. Mà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tí kò ní ahọ́n ò lè se oúnjẹ fún èèyàn."

"Ó dá yín lójú?"

"Mà, ẹnu àgbà lobì ti í gbó."

Ìyá náà ṣí báàgì orí itan rẹ̀, ó kó gbogbo iyọ̀ ilé ìdáná náà jáde, èyí tó ti kó pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé láàárọ̀, ó tò ó síwájú Àmọ̀tán, ó sì na ọwọ́ kó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ fún òun.