Ẹ Sún Fún Ẹnìkejì

"Ẹ máa lọ jàre!" Olùkọ́bìnrin kan gbá ẹ̀yìn àga awakọ̀. "Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méje!"

"Ọkọ̀ àjọwọ̀ lẹ pè lórí fóònù, mà. Bàbá tó ń juwọ́ yẹn la fẹ́ gbé."

"Kó pe òmíràn!"

Awakọ̀ mí kanlẹ̀, ó wakọ̀ kọjá. Èéfín bo bàbá náà lójú. Olùkọ́ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ ló ń ṣí, tó tún ń pa dé: bí èèyàn mẹ́rin bá jọ wọ ọkọ̀ kan, èéfín ọkọ̀ mẹ́ta ti dínkù nìyẹn.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀, títì ló wà, èrò sì kún ìta.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Ọwọ́ bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ló wà," obìnrin kan dáhùn. "Ọkọ̀ tí wọ́n pè ló fi wọ́n sílẹ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀."

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí bàbá tó yọ, tó ń làágùn, tó ń wúkọ́. Ó wo olùkọ́ tó dúró dí ẹnu ọ̀nà. Ó wo àkọlé gàdàgbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀: Ẹ SÚN FÚN ẸNÌKEJÌ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni bàbá wí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ẹ sún díẹ̀."