Kí Ló Ń Mu Iná Páwà Báǹkì Rẹ̀mí?

Rẹ̀mí fẹ́ ra páwà báǹkì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní òun á bá a dé ọjà.

Kò tíì pẹ́ tí Màmá ti Ìṣẹ̀ dé sí Ìkẹ́rẹ́. Ooru ló mú un dákú lábẹ́ páànù ilé rẹ̀, ni Akínwándé ọmọ rẹ̀ bá gbé e wá sọ́dọ̀ Rẹ̀mí ìyàwó rẹ̀, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Yàrá tí wọ́n fún un ní fáànù lókè. Ó ní kí wọ́n tú u. Fáànù ló pa Oyèkọ́lá àbúrò òun. Ọjọ́ tí òun bá sì rí ọ̀kan nínú yàrá òun, ọjọ́ náà lòun ń padà sí Ìṣẹ̀. Wọ́n tú u. Abẹ̀bẹ̀ ni Rẹ̀mí fi ń fẹ́ ẹ títí oorun á fi gbé e lọ.

Lọ́jà, Dayọ̀ tó ń ta ohun èlò fóònù gbé méjì sílẹ̀. "Àǹtí, èyí kékeré tó fóònù yín."

"Gbé ńlá yẹn wá," ni Rẹ̀mí wí. "Ṣé ó ń tètè gbaná? Bí Nẹ́pà bá mú iná dé ọ̀dọ̀ wa, kì í pẹ́ kó tó tún lọ."

"Ó yára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ lo ṣájà tó lágbára àti wáyà tó bá a wá. Wáyà jákujàku á fà á sẹ́yìn."

Màmá gbé e lọ́wọ́ wò bí ẹni ń ra iṣu. "Ṣé kì í ṣe yanrìn lẹ kó sínú rẹ̀?"

"Màmá, yanrìn kì í tanná." Dayọ̀ tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ sì tàn.

"Ṣé á bá mi dé ìdájí?" ni Rẹ̀mí bèèrè.

"Fóònù wo lẹ fẹ́ lò mọ́jú, Àǹtí?"

Rẹ̀mí ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó sanwó. Màmá wo fóònù kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Bí iná bá dé, páwà báǹkì ni Rẹ̀mí ń kọ́kọ́ sáré so, kó tó rántí omi tàbí áyọ́ọ̀nù. Lálẹ́, ó ti kún dẹ́múdẹ́mú. Láàárọ̀, kì í ku nǹkan kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù Rẹ̀mí alára ti kú sórí tábìlì. Fóònù mìíràn wà níbì kan nìyẹn. Bí Màmá bá sì tají lóru, ó ń gbọ́ ohùn kan tó ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ ilé kò mẹ́hẹ. Rẹ̀mí ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, òun ló ń fa kọ́tìnì yàrá Màmá lálẹ́, òun ló ń ṣí i láàárọ̀, kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ojú ayé ni, ni Màmá wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló ń ṣe tiẹ̀ láìlẹ́tàn: atẹ́gùn ti ń gba ojú fèrèsé tó kọjú sí àpáta wọlé sí i lálaalẹ́, oorun rẹ̀ sì ti padà. Ó jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rẹ̀mí ṣe àmín.

Ó pe Akínwándé. "Ọkùnrin kan ni ìyàwó rẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ́jú."

"Màmá, ṣé ojú yín ló rí i?"

"Etí mi gbọ́ ọ."

Ó ní òun ń bọ̀ ní àárọ̀ Sátidé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Màmá pàdé Rẹ̀mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, páwà báǹkì wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Gbé e fún mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ta ló ń dúró dè é?"

Rẹ̀mí wo ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ó wolẹ̀. "Kò séni kankan, mà."

"Bí kò bá séni, kò ní dùn ọ́. Bí ọkọ rẹ bá dé lọ́la, wàá rojọ́ fún un, wàá sì máa lọ sí ulé bàbá rẹ."

Màmá gba páwà báǹkì náà, ó tì í mọ́ inú àpótí. Ooru mú lóru ọjọ́ náà, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà mọ́, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ Rẹ̀mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Rẹ̀mí kò wọlé wá ṣí kọ́tìnì. Ó ń di ẹrù rẹ̀. Ọ̀kadà tó gbé Akínwándé wá dúró níta. Màmá dìde, ó fa kọ́tìnì náà fúnra rẹ̀.

Fáànù kékeré kan wà lójú fèrèsé, ó kọjú sí ibùsùn, wáyà rẹ̀ sì ń fì láìso mọ́ nǹkan kan.