Ọ̀bọ Ń Ka Ẹsẹ̀

Àlọ́ o! Àlọ́ mi wọ́ tuurutu nílẹ̀, kò dúró àfi lẹ́yìn Ìgbín.

Àwọn ẹranko fẹ́ dìbò yan olùṣọ́ odò. Ìgbín fẹ́ ẹ, Ọ̀bọ náà fẹ́ ẹ, Ọ̀bọ yìí kan náà ló sì ń kọ orúkọ olùdìbò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìgbín fi rìn dé ibi ìdìbò létí odò.

Ọ̀bọ figbe ta. "Màgòmágó! Ẹni méjì ló wà nínú ìkarahun yẹn! Ó tó gẹ́ẹ́! Kí kálukú tẹ ẹrẹ̀ yìí. Ojú ẹsẹ̀ kan, ìbò kan!" Òun fúnra rẹ̀ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ ẹ́, ó ka ìbò mẹ́rin.

Ìgbín wo abẹ́ ara rẹ̀, kò rí ẹsẹ̀ kankan. Ló bá forin pe ọ̀rẹ́ rẹ̀:

Ọ̀kùn ọ̀rẹ́ mi o,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*
Ọ̀bọ ní n ò lẹ́sẹ̀,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*
Wá bá mi tẹ ẹrẹ̀,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*

Ọ̀kùn gba orí ẹrẹ̀ kọjá, wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ìgbín ni mo dìbò fún o, ẹ̀gbọ́n Ọ̀bọ. Àbí kí n tún padà kọjá?"

Ọ̀bọ ka ẹsẹ̀ títí, ó làágùn, ó ṣì ń kà, ó sì dákú.

Ìgbín ló ń ṣọ́ odò dòní. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ mú Ọ̀kùn, kí ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀.