Ọ̀gá Ò Ráyè Kà Á

Òfin tuntun dé sí yunifásítì: ẹ̀rọ ni yóò máa mú ẹni tó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kàfáyá, ló kọ́kọ́ mú.

Wọ́n ní ó jí ìwé tí olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Ọ̀ṣìnúbí, tẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá kọ.

Ọdún méjì ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Dókítà. Ọ̀gá ò ráyè kà á.

"Olè ni! Ẹ lé e!" Dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà.

Rùkáyátù, ìyá Kàfáyá, sáré dé láti iléeṣẹ́ bisikíìtì, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀.

Kàfáyá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ka ìdúpẹ́ tó wà níparí ìwé yín."

Dókítà kà á ketekete: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, Rùkáyátù, tó ń di bisikíìtì ní Àgbárá kí n lè kàwé."

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí fìlà iṣẹ́ Rùkáyátù.

Rùkáyátù dìde, ó kọjú sí Dókítà. "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."