Ẹyọ Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ṣẹ́kù

"Ó tún ṣẹ́ku ẹyọ kan!" Asínlẹ̀kẹ̀ náà fi ìbínú ti àwo síwájú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kà á ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Kalikak. Ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́sàn-án ni. Ogún ìyá Muslimat ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, ọmọ méje ló sì fẹ́ pín in dọ́gba, kí ìjà ilé lè parí.

"Ẹ ka bàbá wa mọ́ wa, ká pín in sọ́nà mẹ́jọ," Muslimat wí.

Ó pín in. Ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó pín in sọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan náà ni.

Muslimat, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ó sì yíjú sí asínlẹ̀kẹ̀ náà. "Bàbá, nombre premier ni. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀."

"Ṣé ẹnì kan ni yóò wá kó gbogbo ẹ̀ ni? Ọwọ́ ta ni ìyá yín ti ra ìràkurà yìí?"

"Ìyá Yorùbá kan tó ń lo agboòrùn pupa ní ọjà Mont-Bouët. Dọ́sìn méjìlá ló rà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. N ò mọ ibi tí ẹyọ kan tó lé yìí ti wá."

Ọwọ́ asínlẹ̀kẹ̀ dúró. Ìyá rẹ̀ ló ni agboòrùn pupa yẹn. Títí ìyá náà fi kú ni asínlẹ̀kẹ̀ ń bá a jà pé èènì tó ń fún àwọn oníbàárà ti pọ̀ jù.

Ó pín ìlẹ̀kẹ̀ náà sọ́nà méje, ó di ẹyọ tó ṣẹ́kù mọ́wọ́.

"Ìyẹn ńkọ́?" Muslimat bi í.

"Ogún tèmi nìyí."