Àgò Nílé Òfìfo

Wọ́n ní ilé tó wà ní ìpẹ̀kun Òkè-Àgbède yẹn... pé ẹni tó bá fẹ́ rà á... wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń ṣépè fún un látinú ilé náà. Mo gbọ́, n ò sọ fún màámi. Lánlọ́ọ̀dù wa ní ká kó jáde lọ́la, ilé yìí nìkan ni owó oko bàbá mi tá a tà ká.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì, ejẹ́ǹtì, mú wa débẹ̀ ní àṣálẹ́.

"Màmá, ẹlòmíràn ti ná an ju tiyín lọ o. Ọdún mẹ́fà rèé, kò sẹ́ni tó gbébẹ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀. Omi tí wọ́n wọ́n sílẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Àgò onílé o!" Ó ti mọ́ màámi lẹ́nu.

Ejẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ògiri lẹ ń kí ni?"

Ohùn kan dáhùn láti yàrá. Ejẹ́ǹtì ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sá lọ.

Màámi ò mira. Ó di ọwọ́ mi mú. "Etí mi ò gbé e dáadáa. Ṣé ó ní ká má wọlé ni?"

Àwa mẹ́ta péré la jọ wá.

"Rárá, màámi. Ó ní, 'Àgò yà. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.'"